Béèlì ₦20 mílíọ̀nù tí ẹnikẹ́ni kò san

Bàbá kan láti Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo, ló kọ̀wé sí mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Mo gé ìwé náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn ni mo fi sílẹ̀:

“Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ọkùnrin kan gba owó lọ́wọ́ àwa 21, ó ní òwò kòkó lòun fẹ́ fi ṣe, òun á sì máa san èlé fún wa lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré la gba èlé náà kó tó pa fóònù. Owó ìfẹ̀yìntì mi wà níbẹ̀. EFCC ti gbé e dé Kóòtù Gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣogbo níbí. Adájọ́ fún un ní béèlì ₦20 mílíọ̀nù. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti padà sílé. Mo rí i ní Ọláìyá nínú jíìpù, ó tún juwọ́ sí mi. Bẹ́ẹ̀, ọmọ aládùúgbò mi kan tí wọ́n ní ó jí jẹnẹrétọ̀, béèlì ₦200,000 ni máajísíréètì fún un, ó sì ti lé lóṣù mẹ́rin tó ti wà lẹ́wọ̀n Iléṣà. Ṣé béèlì lolówó fi ń ra ẹjọ́ ni? Bó bá sì sá lọ, ṣé wọ́n á pín ₦20 mílíọ̀nù yẹn fún wa?”

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ìbéèrè ìkẹyìn kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń já èèyàn kulẹ̀ jù: rárá o. Bó bá sá, tí kóòtù sì gba owó béèlì lọ́wọ́ onídùúró rẹ̀, àpò ìjọba lowó náà ń lọ. Kọ́bọ̀ kan ò ní yà sọ́dọ̀ yín. Ọ̀nà míì ni owó tiyín máa gbà wá bó bá máa wá, mà á débẹ̀.

Ohun tó tún máa yà yín lẹ́nu ni pé ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà má tíì yọ náírà kan lápò. Bí adájọ́ bá ní òun fún ẹnì kan ní béèlì ₦20 mílíọ̀nù pẹ̀lú onídùúró kan ní iye kan náà, kò sí ẹni tó máa ru àpò owó lọ bá akọ̀wé kóòtù. Ìwé ni wọ́n máa fọwọ́ sí. Bí a bá tú ìwé náà sí èdè ilé wa, ohun tó ń sọ ni pé: ọkùnrin yìí á máa wá ní gbogbo ọjọ́ tí kóòtù bá dá fún un, bí kò bá wá, èmi onídùúró jẹ ìjọba ní ₦20 mílíọ̀nù. Bó bá ń wá títí ẹjọ́ fi parí, ìwé yẹn á kú sínú fáìlì. Kò sẹ́ni tó tún máa béèrè rẹ̀.

Kóòtù lè ní kí wọ́n fi owó gidi sílẹ̀ lóòótọ́. Abala 165 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí gbogbo wa ń pè ní ACJA, gbà á láyè. Abala yẹn kan náà ló ní béèlì kò gbọdọ̀ pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, àti pé bí ẹjọ́ bá parí, kí wọ́n dá owó náà padà fún ẹni tó fi í sílẹ̀. Àmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún béèlì tó ń kọjá níwájú mi, ìwọ̀nba ni wọ́n ti ń ka owó. (Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní òfin tirẹ̀ tó jọ ọ́ fún kóòtù ìpínlẹ̀. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ lẹjọ́ tiyín wà, ACJA ló ń darí ẹ.)

Àgọ́ ọlọ́pàá làwọn èèyàn wa ti kọ́ pé owó ni béèlì. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ẹni tó wá gba ọmọ rẹ̀ á sì máa ka àkọlé náà bó ṣe ń tọwọ́ bàpò. Ẹni tó bá ti débẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́ rí kò nílò àlàyé mi. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá dé kóòtù, tó gbọ́ “béèlì ₦200,000”, ó ti rò pé àfi kóun lọ yá ₦200,000. Mo mọ ìyá kan tó ta ẹ̀gbà wúrà ọrùn ẹ̀ nítorí béèlì tí kò yẹ kó ná an ju owó ọkọ̀ àti fọ́tò lọ.

Ọmọ jẹnẹrétọ̀ yẹn kọ́ ló ṣàìní ₦200,000. Onídùúró ni kò ní. Ẹ wo ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ onídùúró: kó nílé tàbí ilẹ̀ ní agbègbè kóòtù, pẹ̀lú ìwé rẹ̀, tàbí kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipò kan, kó mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá, kó búra sórí ìwé nípa ohun tó ní, kó kó fọ́tò pélébé rẹ̀ dání. Ta ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ tó ní ìwé owó orí ọdún mẹ́ta? Ọ̀gá rẹ̀ tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ gan-an ò ní. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó nílé, àjogúnbá ni ilé náà, kò níwèé. Ara ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n káàkiri Nàìjíríà fi jẹ́ ẹni tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi, tí wọ́n ń retí ẹjọ́. Ọkùnrin tiyín ńkọ́? Ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ẹni yẹn sì fi ìwé ilé ránṣẹ́.

Ẹ má bínú sí adájọ́ tó fún un ní béèlì o. Ìwé òfin Nàìjíríà, abala 36, ní aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ lẹnikẹ́ni títí kóòtù á fi sọ pé ó jẹ̀bi. ACJA wá ka àwọn ìdí tí adájọ́ fi lè kọ béèlì: bí ó bá hàn pé ẹni náà máa sá, pé ó máa dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí, pé ó máa ba ẹ̀rí jẹ́, pé ó máa tún ẹ̀ṣẹ̀ míì dá. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ náà ti sọ irú rẹ̀ ní 2001 nínú ẹjọ́ Bamaiyi. Olówó tó wọ agbádá, tó nílé, tó níyàwó, tó lọ́mọ níléèwé, tó sì wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ìpè EFCC, kò jọ ẹni tó máa sá. Lórí ìwé, òun gan-an lẹni tí béèlì tọ́ sí jù. Òfin ò rí jíìpù, ó ń wo gbòǹgbò tí èèyàn ní nílùú. Olówó ló sì máa ń ní gbòǹgbò.

Ibi tí ọgbọ́n àrékérekè ti ń wọlé ni ọ̀rọ̀ ta ni onídùúró yẹn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà, ọ̀gá mi ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣọ́ ẹjọ́ kan tí wọ́n fi kan oníbàárà wọn tẹ́lẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ìjókòó kẹta, olùjẹ́jọ́ ò yọjú. Wọ́n sún un síwájú, kò tún yọjú. Kóòtù wá ní kí wọ́n lọ mú onídùúró wá. Mo bá akódà lọ sí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé, ní ìhà Ọ̀ta-Ẹ̀fun. Nọ́ńbà ilé bá ìwé mu, títì bá ìwé mu. Mọ́ṣáláṣí kékeré ni ilé náà. Bàbá arúgbó kan jókòó ti àwọn ṣágo omi àlùwàlá níwájú ẹ̀. A na fọ́tò inú fáìlì sí wọn. Wọn ò tilẹ̀ gbà á. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin lẹ máa ṣìkẹta tó wá béèrè ẹni yẹn lọ́dún yìí.”

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó rí ọkùnrin inú fọ́tò. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù míì, nílùú míì. Agbádá tó wọ̀ ya fọ́tò náà ló tún wà lọ́rùn rẹ̀, àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ ti ń tú. Ó di fáìlì mú bí tíṣà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń ṣe onídùúró fún ẹni tí kò mọ̀ rí, wọ́n ń sanwó fún un, ẹ̀dà ìwé ilé kan náà ló ń gbé kiri. Ìgbà tí akọ̀wé kóòtù bá rìn dé ilé náà nìkan ni àṣírí lè tú. Àìmọye ọjọ́ sì ni akọ̀wé kò ní mọ́tò, tàbí tí wọ́n ti fún un lówó kó má rìn.

Ní báyìí, ẹ gbé irú onídùúró yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó lówó lọ́wọ́. Tó bá na pápá bora, ta ni wọ́n máa mú? Ẹni abẹ́ igi máńgòrò. Kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀dà ìwé mọ́ṣáláṣí.

Kò wá túmọ̀ sí pé ibi tí wọ́n bá ti ń gba owó gidi lolówó kì í sá. Carlos Ghosn, ọ̀gá àgbà Nissan tẹ́lẹ̀, fi bílíọ̀nù kan ààbọ̀ owó yen sílẹ̀ ní kóòtù Tokyo ní 2019. Owó náà wà nílẹ̀, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn lọ́yà rẹ̀, kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ń gbé. Ní December 29, 2019, ó jáde nílé, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Osaka, wọ́n gbé e sínú àpótí ńlá tí àwọn olórin fi ń kó ẹ̀rọ ohùn, wọ́n sì gbé àpótí náà wọ ọkọ̀ òfurufú àdáni. Ó gba Istanbul kọjá, ó balẹ̀ sí Beirut. Ọmọ Lebanon ni, Lebanon kì í sì í fa ọmọ rẹ̀ lé orílẹ̀-èdè míì lọ́wọ́. Japan gba bílíọ̀nù kan ààbọ̀ rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Àwọn tó fẹ̀wọ̀n jura ni bàbá àti ọmọ kan láti Amẹ́ríkà tó ràn án lọ́wọ́. Kóòtù Tokyo dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún bàbá ní July 2021, ti ọmọ jẹ́ ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Lójú ẹni tó bá lówó tó bẹ́ẹ̀, owó béèlì ti di owó ọkọ̀. Ó ń ṣírò ni: èló ni mà á pàdánù, èló ni ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n tó sí mi?

Àwa náà ní tiwa. Ní September 2005, àwọn ọlọ́pàá mú Diepreye Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa nígbà náà, ní London. Wọ́n fún un ní béèlì pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ fi ìlú sílẹ̀, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di November, àwọn èèyàn rẹ̀ ń jó kí i káàbọ̀ ní Yenagoa. Wọ́n ní ó múra bí obìnrin kọjá ní pápákọ̀ òfurufú; òun ní irọ́ ni. Joshua Dariye ti Plateau ti gba irú ọ̀nà yẹn ṣáájú rẹ̀: London mú un ní 2004, ó gba béèlì, ó padà wálé. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn olówó ayé máa ń sá kúrò nílé ni, tiwa sá wálé, torí abala 308 ìwé òfin wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gómìnà lọ sí kóòtù. Alamieyeseigha pàpà gbà pé òun jẹ̀bi nílé níbí ní 2007, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un. Dariye gba ọdún 14 ní 2018, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in sí mẹ́wàá. Àwọn méjèèjì ni ìjọba dárí jì nígbẹ̀yìn, ẹni àkọ́kọ́ ní 2013, èkejì ní 2022.

Nínú gbogbo rẹ̀, ti Abdulrasheed Maina ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun ló sún mọ́ ìbéèrè yín jù. Òun ló ṣe alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì rí. (Owó ìfẹ̀yìntì, Bàbá, ẹ dákun ẹ má bínú.) EFCC gbé e lọ sí kóòtù l’Ábùjá ní October 2019 lórí ẹ̀sùn owó tó tó ₦2 bílíọ̀nù. Wọ́n tì í wọ kóòtù lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Adájọ́ Okon Abang fún un ní béèlì ₦500 mílíọ̀nù, ó sì ní sẹ́nétọ̀ tó wà nípò ni kó dúró fún un. Ali Ndume, sẹ́nétọ̀ láti Borno, ló dúró, ó fi ìwé ilé kan ní Asokoro ṣe ohun ìdógò. Ní 2020, Maina kò wá sí kóòtù mọ́.

Ohun tí adájọ́ yẹn ṣe kì í wọ́pọ̀. Ní November 23, 2020, ó ní kí wọ́n gbé sẹ́nétọ̀ lọ sẹ́wọ̀n Kuje títí tó fi máa mú ẹni tó dúró fún wá tàbí tó máa san ₦500 mílíọ̀nù náà. Sẹ́nétọ̀ sùn ní Kuje. Òun náà gba béèlì lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti mú Maina ní orílẹ̀-èdè Niger, nígbà tó fi di December 3, ó ti wà l’Ábùjá. Mi ò ní ìyẹn ló fa èyí, àmọ́ ẹ bá mi ka àwọn ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní November 8, 2021, kóòtù rán Maina lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Iye tí wọ́n kọ sórí béèlì kọ́ ló ń di olówó mú. Onídùúró tó lórúkọ láti bàjẹ́ ló ń dì í mú, ẹni tó mọ ilé rẹ̀, tó mọ ìyá rẹ̀, tó lè kanlẹ̀kùn ní ìdájí béèrè pé “Lágbájá, ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ sá?” Àwọn bàbá wa mọ èyí kí kóòtù aláwọ̀ funfun tó dé. Onígbọ̀wọ́ kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀ rí. Bí mo bá jókòó sáàyè adájọ́ (wọn ò tíì pè mí), mi ò ní wá onídùúró olówó fún irú ọkùnrin tiyín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà tàbí ìmáàmù àdúgbò rẹ̀ ni mà á béèrè, kó máa yọjú sí EFCC lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n sì fún ẹjọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó súnmọ́ra.

Ọjọ́ tó súnmọ́ra yẹn ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Púpọ̀ nínú àwọn olówó wa kì í sá rárá. Wọn ò nílò rẹ̀. Wọ́n gba béèlì, wọ́n padà sílé, wọ́n sì jẹ́ kí ẹjọ́ di arúgbó. Lónìí, lọ́yà àgbà wọn wà ní kóòtù míì. Lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n tako agbára kóòtù láti gbọ́ ẹjọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ru sókè, wọ́n fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù padà láti lọ gbàtọ́jú lókè òkun. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ọ́ ní 2002, nínú ẹjọ́ Abacha, pé àìsàn nìkan kò tó fún béèlì bí dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n bá lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà níta tẹ́lẹ̀ ni mò ń sọ, aago ò ká a lára. Tálákà tó wà ní Iléṣà ló ń ka ọjọ́. Olówó tó wà nílé, ọjọ́ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́rìí ń kú, ẹlẹ́rìí ń ṣí lọ, ọlọ́pàá tó ṣèwádìí ń gba ìgbéga lọ sí Màídúgùrì.

Ẹ wo ẹjọ́ Orji Uzor Kalu, gómìnà Abia tẹ́lẹ̀. Kalu kò sá o, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Ó ń wá sí kóòtù. 2007 ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà dìde. December 2019 ni kóòtù tó rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12. Ní May 8, 2020, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé e, torí pé wọ́n ti gbé adájọ́ tó ń gbọ́ ọ ga lọ sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kó tó parí rẹ̀. Ní 2021, kóòtù míì ní EFCC kò gbọdọ̀ tún gbé ẹjọ́ náà dìde sí i. Láti 2007 dé 2020, ọdún 13 ló lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sá. ACJA gbìyànjú láti dí àwọn ihò yìí: abala 396 ní kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́, bí ìyẹn ò bá sì ṣeé ṣe, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ sún un ju ìgbà márùn-ún lọ, àárín ìjókòó kan sí èkejì kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Ó dára lójú ìwé. Adájọ́ tó ní ẹjọ́ bí igba lórí tábìlì ló máa mú un ṣẹ.

Wàyí o, kí ni kí ẹ̀yin 21 ṣe?

Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn jìbìtì lábẹ́ òfin 2006 ni EFCC kọ (mo rò pé òun ni, láti inú ìtàn yín), ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún ló wà níbẹ̀, kò sì sí pé kó sanwó dípò. Òfin yẹn kan náà, ní abala 11, ló ní kí kóòtù pàṣẹ pé kó dá owó padà fún ẹni tó lù ní jìbìtì. Ọ̀nà tí owó yín lè gbà wá nìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a lẹ́bi. Ẹ rí i wàyí pé ohun ìní rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe béèlì rẹ̀. EFCC lè ní kí kóòtù ti ilé àti àkáǹtì rẹ̀ pa títí ẹjọ́ á fi parí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ tàbí ọkọ̀ tó forúkọ ìyàwó rà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fún olùpẹjọ́. Ẹ má rò pé wọ́n ti mọ̀.

Ó máa wá bá yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ní, “Bàbá, ẹ gba ìdajì owó yín, ṣùgbọ́n ẹ má lọ jẹ́rìí.” Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Kéèyàn gbowó kó lè pa ẹjọ́ ọ̀daràn mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni òun náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olùfisùn lè di olùjẹ́jọ́. Bó bá fẹ́ dá owó padà, kó gba ọ̀dọ̀ olùpẹjọ́ wá. Àyè wà nínú abala 270 ACJA fún àdéhùn ìjẹ̀bi tó ní ìdápadà owó nínú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyẹn ló ń tètè mówó wọlé. Àmọ́ bó bá bẹ̀ yín wò láti má jẹ́rìí, tàbí tó dẹ́rù bà yín, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Ìdí tó tó ni fún kóòtù láti fagi lé béèlì rẹ̀. (Jíjuwọ́ síni ní Ọláìyá kò wọ ibẹ̀ o. Ó kàn ń dunni ni.)

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ó ń ta ilé, pé ó ti kó àwọn ọmọ lọ sókè òkun, ẹ má dúró di ọjọ́ ẹjọ́. Bí ẹni tó mú ẹ̀sùn wá, ọlọ́pàá tàbí onídùúró fúnra rẹ̀ bá búra níwájú kóòtù pé olùjẹ́jọ́ fẹ́ sá kúrò ní Nàìjíríà, kóòtù lè ní kí wọ́n mú un padà. Onídùúró náà lè bẹ kóòtù pé òun ò ṣe mọ́. Mo ti rí i tí ìyàwó onídùúró fa ọkọ rẹ̀ lọ sí kóòtù láàárọ̀ Mọ́ńdè láti lọ yọ orúkọ kúrò, ilé wọn ló wà nínú ìwé.

Bó bá wá sá pátápátá, ẹjọ́ kò kú. Abala 352 gba kóòtù láàyè láti máa bá a lọ láìsí i níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì tí kò sí àlàyé gidi. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i mú ni wọ́n á ka ẹ̀wọ̀n fún un. Irú ìgbẹ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe fún Maina nígbà tí wọ́n ń wá a kiri. Nítorí náà, kí ẹ̀yin 21 máa lọ sí kóòtù. Kẹ́ ẹ tilẹ̀ pín in láàárín ara yín, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìjókòó kan, kẹ́ ẹ jókòó síbi tí adájọ́ ti lè rí yín. Ìlà ẹ̀yìn tó ṣófo ló ń jẹ́ kí ìsúnsíwájú rọrùn. Ẹ máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé kan, àti ìdí tí wọ́n fi sún un.

Ní ti ọmọ jẹnẹrétọ̀, ohun tó ṣeé ṣe pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé obìnrin ni. Òfin 2015 sọ ọ́ tààrà, òfin Ọ̀ṣun tó ń darí kóòtù máajísíréètì sì jọ ọ́. Bí ìyá rẹ̀ tàbí àǹtí rẹ̀ bá ní ṣọ́ọ̀bù tó ń san owó orí, wọ́n lè gbé e lọ síwájú máajísíréètì pé kó gbà á. Bí máajísíréètì bá ta kú, Kóòtù Gíga lè dín àwọn ohun tó béèrè kù. Lọ́yà ìjọba ti Legal Aid Council kì í gbowó fún irú ẹjọ́ yẹn, wọ́n sì ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá pọ̀ jù níbẹ̀, kí ìyá ọmọ náà wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó tó di aago mẹ́sàn-án tí mo máa ń lọ kóòtù. Kó mú nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ dání. Ó wà lókè ìwé ẹ̀sùn. Kó má mú owó kankan wá.